Adinkra Kì Í Ṣe Káàdì Awoṣẹ́

Ní Kùmásí, ní Gánà, ẹni tó bá wọ ọgbà Ilé Àṣà tí A. A. Y. Kyerematen dá sílẹ̀ ní 1951, tàbí tó gba ọ̀nà Mampong dé Ntonso níbi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ adinkra, kò ní pẹ́ kó tó rí ìwé kan. Ìwé náà kì í ju ojú ewé kan lọ. Àwọn àmì dúdú tò sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ ní èdè Twi wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ sì wà lábẹ́ orúkọ: ọgbọ́n, agbára, sùúrù, ìṣọ̀kan, ikú. Ọ̀rọ̀ kan fún àmì kan. Wọ́n ti tẹ ìwé yìí sára ife, sára àpò, sára ẹ̀wù. Ó ti rìn jìnnà ju aṣọ adinkra fúnra rẹ̀ lọ, débi pé ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n ní Èkó, ní London àti ní Atlanta tí kò tíì fojú kan ẹni tó ń tẹ aṣọ rí.

Ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn ìwé yìí ni mo fẹ́ bá wọ̀yá ìjà. Ó ní lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ àwọn baba ńlá ni adinkra, pé ó ti wà láti àtètèkọ́ṣe, pé àmì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tí kì í yí padà, pé ẹ̀mí kan ló sì ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó fẹ́ ìgboyà á fín àmì ìgboyà sí apá. Ẹni tó fẹ́ ààbò á gbé ti ààbò kọ́ ọrùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti tẹ àwọn àmì náà sórí páálí bíi káàdì tarot: wọn á pò ó pọ̀ láàárọ̀, wọn á fa ọ̀kan yọ, wọn á wò ó bóyá ọjọ́ náà á dára.

Lódìkejì, pásítọ̀ kan wà tó ń pariwo pé àmì ẹ̀mí òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, kí ọmọ ìjọ kó aṣọ náà jáde kí wọ́n dáná sun ún. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wọn lè rò pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì. Ìyá kan náà ló bí wọn. Àwọn méjèèjì gbà pé agbára kan jókòó sínú àwòrán, ó ń dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí kò ju bóyá agbára náà dára tàbí kò dára lọ.

Èmi ní kò sí ohun tó jókòó síbẹ̀. Òwe ló ń fún àmì adinkra ní ohùn. Aṣọ tí a tẹ̀ ẹ́ sí, àwọ̀ aṣọ náà, ọjọ́ tí a wọ̀ ọ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tó ń wò ó ló ń sọ ibi tí ohùn náà ń lọ. Ẹ yọ wọ́n kúrò, àwòrán ló kù.

Ibo ni àṣà kí àwòrán kan máa ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti wá gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo tarot fúnra rẹ̀, nítorí òun ni àwọn alátìlẹyìn ìwé yẹn ń fara wé, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Ní ìhà àríwá Ítálì, ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni káàdì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Eré ni wọ́n ń fi í ta. Àwọn ìdílé ọlọ́lá bíi Visconti àti Sforza ní Milan gba oníṣẹ́ ọnà láti fi wúrà kun tiwọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dòní. Méjìdínlọ́gọ́rin ni káàdì náà, méjìlélógún nínú wọn ló ní àwòrán bí Ọba, Òmùgọ̀, Oòrùn àti Ikú, wọ́n sì ń lò wọ́n láti borí káàdì tó kù. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ènìyàn fi ta á báyìí, àwọn ará Faransé àti Austria sì ń ta á lọ títí di òní láìbá àǹjọ̀nú kankan pàdé.

Ọdún 1781 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkùnrin kan ní Paris, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyókù ìwé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ni káàdì tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré. Ní 1781, kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù tó lè ka lẹ́tà Íjíbítì àtijọ́. Wọn kò tíì bí Champollion, ọdún 1822 ló sì tó kéde pé òun ti rí ojútùú rẹ̀. Gébelin ń túmọ̀ èdè tí kò gbọ́ rárá. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tà. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Etteilla ti ń ta ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó fẹ́ fi káàdì woṣẹ́. Nígbà tó di 1909, A. E. Waite gbé iṣẹ́ fún obìnrin ayàwòrán kan ní London, Pamela Colman Smith, ilé ìtẹ̀wé Rider sì gbé káàdì tuntun jáde. Èyí ni káàdì tí ọ̀pọ̀ awoṣẹ́ ń lò lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Rider àti Waite ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á kò sí nínú orúkọ.

Nínú káàdì Smith, Ikú ni ẹ̀kẹtàlá. Egungun tó wọ ẹ̀wù irin gun ẹṣin funfun, ó gbé àsíá dúdú tí òdòdó funfun wà lára rẹ̀. Ọba kan ti ṣubú sílẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù dúró níwájú rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, ọmọdé kúnlẹ̀, oòrùn sì ń yọ láàárín ilé gogoro méjì lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ lọ bá ẹni tó ń woṣẹ́, kó fa káàdì yìí yọ fún yín, kò ní sọ pé ẹ máa kú. Á ní àyípadà ni, pé ilẹ̀kùn kan ń tì, òmíràn ń ṣí. Oníbàárà tó sanwó kò yẹ kó sunkún lọ sílé.

Mi ò bá ẹni tó ń ta káàdì jà, mi ò sì bá ẹni tó ń fi í tu ara rẹ̀ nínú jà. Ọ̀nà tí nǹkan yìí gbà ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rí: wọ́n mú ohun tí ènìyàn ṣe ní ìgbà tí a mọ̀, wọ́n pa ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́, wọ́n pa orúkọ ẹni tó ṣe é rẹ́, wọ́n wá kọ ìtumọ̀ kúkúrú sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí adinkra lónìí nìyẹn, adinkra sì ní ọjọ́ orí.

Ní 1817, Thomas Edward Bowdich, tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì rán láti Cape Coast, dé Kùmásí láti bá Asantehene, ọba Asante, ṣe àdéhùn. Aṣọ adinkra kan wà nínú ohun tó kó padà. Ó wà ní British Museum dòní, òun ló sì pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣì kù tí a mọ ọdún wọn. Ìràwọ̀ wà lára àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i, ìlù dono méjì tí a so pọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹbí gángan tiwa ni dono. Ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ fún arìnrìn-àjò ni pé Kofi Adinkra, ọba Gyaman, fi ìgbéraga ṣe àga wúrà tirẹ̀, Asante bínú, wọ́n gbógun tì í, wọ́n pa á, wọ́n sì gba iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ ọdún 1818 ni wọ́n kó ogun yẹn lọ, aṣọ Bowdich sì ti kúrò ní Kùmásí. Ó lè jẹ́ pé òwò ló gbé iṣẹ́ náà wá láti Gyaman kí ìjà tó dé. Kò lè jẹ́ ogun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Aṣọ kejì tí a mọ ọdún rẹ̀ wà ní Leiden, ní Holland. Ọdún 1825 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Holland ní Elmina ló gbà á fún ọba wọn, Willem Kìíní, ẹni tó sì ṣe aṣọ náà mọ ẹni tó ń ṣe é fún, nítorí àmì àṣẹ ọba Holland ló wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tí adinkra sì yí i ká. Ẹni tó bá ní lẹ́tà ẹ̀mí àwọn baba ńlá ni gbogbo ohun tó wà lórí aṣọ adinkra, kó ṣàlàyé irú ẹ̀mí tó ń gbé inú kìnnìún Holland fún mi.

Àmì kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí R. S. Rattray kó wọn jọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1927, wọ́n lé díẹ̀ ní àádọ́ta. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n. Ibo ni ìyókù ti wá? Ọwọ́ àwọn agbẹ́-òǹtẹ̀ ni. Àmì igi kòkó wà. Àmì Benz wà, ìràwọ̀ ọkọ̀ Jámánì yẹn gan-an. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní UAC nkanea, iná UAC. Àwa tí a dàgbà sínú ìtàn UAC àti Kingsway ní Èkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí iná mànàmáná ilé-iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó láti òde. Oníṣẹ́ rí ohun tuntun ní ìlú, ó gbẹ́ ẹ, ó rí òwe tàbí ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí èyí yé àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Aládìrẹ tó ya Ìbàdàndùn fi òpó gbọ̀ngàn Mápó sí i, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Àwọn tó ṣe adìrẹ Olóba ṣe é nítorí ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́, ní 1935. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan fi òpó Mápó fa oríire, tàbí kí ẹnì kan ní kí wọ́n sun ìró ìyá òun nítorí orí ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára rẹ̀. A mọ ìyá tó ya adìrẹ, a mọ ìlú rẹ̀. Nítorí pé adinkra jìnnà sí wa díẹ̀ la ṣe ń fi àǹjọ̀nú kún un.

Ṣé Asante kò mọ bí a ṣe ń fi agbára ẹ̀mí sínú aṣọ ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Bowdich rí àwọn balógun Kùmásí nínú batakari tí wọ́n rán tírà Mùsùlùmí mọ́ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi awọ, wúrà àti fàdákà di tírà náà. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọta nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni batakari, ọ̀tọ̀ ni adinkra. Ẹni tó da méjèèjì pọ̀ kò bọlá fún àwọn tó ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì kan ṣoṣo, èyí tó sún mọ́ káàdì ẹ̀kẹtàlá jù lọ. Owuo Atwedeɛ ni wọ́n ń pè é, àkàbà ikú. Òpó méjì ni, pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú díẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò gbọ́ Twi, á ní káfíńtà ló ni í. Kò sí egungun níbẹ̀, kò sí ẹṣin, kò sí ohun kan tó ń dẹ́rù bani. Ohun tó sọ àkàbà yìí di ti ikú ni òwe tí àwọn Akan, ìyẹn Asante àti ìbátan wọn, ń pa: Owuo atwedeɛ, baako mforo. Àkàbà ikú, ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ló ń gùn ún. Àwa náà ní gbogbo wa la dá agbádá ikú. Ká ní ẹnì kan wá ya àwòrán agbádá, ó kọ “ikú” sí abẹ́ rẹ̀, ó ń tà á ní Bàhíà pé àmì ikú àwọn Yorùbá àtijọ́ ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á sá jáde ní ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè é sí l'Ábẹ́òkúta.

Òwe sì kì í ní ibì kan ṣoṣo tó ń lọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó rò pé òun nìkan ni ayé dojú kọ, àkàbà yìí ń sọ fún un pé èrò ń bọ̀ lẹ́yìn òkú rẹ̀, pé kò dá rìn. Ajogún tó ń yangàn nídìí òkú, tó ti ń wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó bo sàréè, àkàbà kan náà ń ṣẹ́jú sí i pé ìwọ náà ń bọ̀. Ọ̀tá tó wá wòran, òun náà á gba tirẹ̀. Aṣọ kan ló ń bá ẹni mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lábẹ́ àtíbàbà kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì lanu. Irú ìwé ojú ewé kan wo ló lè gba èyí?

Àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé Kùmásí rí, tàbí tó ní ìyá àgbà tó tajà níbẹ̀ kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì ní 1969, mọ bí ìlú yẹn ṣe ń rí lọ́jọ́ Sátidé, tí ojú pópó kún fún pupa àti dúdú nítorí ìsìnkú. Kobene ni aṣọ pupa, àwọn tí òkú dùn jù ló sábà máa ń ró o. Kuntunkuni wà, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ sí dúdú, birisi sì ni dúdú fúnra rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá lọ tó ti rí ọmọ-ọmọ, ẹ óò rí funfun tí wọ́n fi dúdú tẹ̀. Ẹ tẹ àkàbà yẹn sórí pupa fún ọ̀dọ́kùnrin tí ọkọ̀ pa, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí funfun fún ìyá arúgbó: òǹtẹ̀ kan náà ni, igbá kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n igbe ni ti àkọ́kọ́, ọpẹ́ ni ti ìkejì. Àwọn tó fara wé tarot á wá ní “àyípadà” ni Owuo Atwedeɛ dúró fún. Ní Kùmásí, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù láti pe ikú ní ikú. Wọ́n ti ra aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí.

Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe aṣọ náà kò fara jọ bí ènìyàn ṣe ń fa káàdì yọ. Ní Ntonso, wọn á bó èèpo igi badie, wọn á rẹ ẹ́, wọn á gún un, wọn á sè é, wọn á tún sè é pẹ̀lú ìdàrọ́ irin títí yóò fi dúdú tí yóò sì ki. Igbá ni wọ́n ń gbẹ́ fi ṣe òǹtẹ̀, wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìdìmú. Wọn á na aṣọ sórí ohun tó rọ̀, wọn á fi ohun èlò eléyín bí òòyà fa ìlà láti pín in sí ojúlé-ojúlé, kí òǹtẹ̀ tó bọ́ sí i. Àmì tí yóò bá ìkejì rẹ̀ gbé àdúgbò, èyí tí yóò pọ̀, èyí tí yóò wà létí aṣọ, oníṣẹ́ àti oníbàárà ló ń pinnu rẹ̀. Aró yìí kì í fẹ́ omi, ìdí nìyẹn tí aṣọ àtijọ́ fi máa ń sùn sínú àpótí títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ti ń fi férémù tẹ̀ ẹ́ kó lè yá. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá, mi ò bá wọn wí.

Ẹnì kan á ní mo ti sọ adinkra di aṣọ ọjà lásán, pé Rattray tí mo dárúkọ fúnra rẹ̀ kọ nípa Mmusuyideɛ, àmì tí a fi ń mú ibi kúrò. Òótọ́ ni. Ó ní aṣọ tó ní àmì yìí máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọba, bí ọba bá sì jí, á gbé ẹsẹ̀ òsì lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yẹn dáadáa. Ọba ló ni ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ ni, òsì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ibùsùn ni. Ìsìn ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe é àti àkókò rẹ̀. Ẹni tó tẹ Mmusuyideɛ sára ìbòrí fóònù rẹ̀ kò ní ọba, kò ní òwúrọ̀, kò ní ẹsẹ̀ òsì. Ìbòrí fóònù ló ní.

Ifá tiwa gan-an kì í ṣiṣẹ́ bí ìwé yẹn. Odù igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ẹsẹ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ débi pé babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Bí Ọ̀yẹ̀kú Méjì bá yọ, babaláwo gidi kì í pariwo “ikú!” kó wá ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ wà níbẹ̀ tó ń sọ ti ikú, òmíràn ń sọ bí ikú ṣe kọjá lórí ẹni, òmíràn ń sọ ti nǹkan mìíràn pátápátá. Ó ń ki ẹsẹ lọ, ẹni tó wá dáfá, tó ti sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí owó láìjẹ́ kí babaláwo gbọ́, ló máa mọ èyí tó kan òun. Gbogbo ọjọ́ la ń gbọ́ pé tarot ni Ifá òyìnbó. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó níwájú ọpọ́n rí.

Ti pásítọ̀ wa kò gba àkókò. Àmì tí yunifásítì KNUST ní Kùmásí ń lò ní Nyansapo nínú, kókó ọgbọ́n, òwe rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì Gánà ní Legon fi àmì tí wọ́n ń pè ní Aya ní Twi àti ìwo àgbò sára tirẹ̀. Bí ẹ̀mí òkùnkùn bá wà nínú adinkra, kí pásítọ̀ tó gboyè níbẹ̀ kọ́kọ́ sun ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, kó tó kan aṣọ ìyá opó.

Ibi tó le jù ni New York. Ní 1991, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń walẹ̀ fún ilé ńlá kan ní ìsàlẹ̀ Manhattan, wọ́n bá itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà, ẹrú àti olómìnira, tí wọ́n ti sin síbẹ̀ kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí. Ó lé ní irínwó òkú tí wọ́n hú. Lórí ìdérí pósí kan, wọ́n rí ìṣó tí wọ́n kàn ní ìrísí ọkàn. Àwọn onímọ̀ ní àmì adinkra tí wọ́n ń pè ní Sankofa, “padà lọ mú un”, ni. Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú. Sankofa di àmì ibẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2006. Nígbà tó di 2010, òpìtàn kan, Erik Seeman, kọ̀wé pé àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà ìgbà náà máa ń fi ìṣó kan ọkàn sórí pósí, àti pé kò sí ẹ̀rí pé Sankofa ti wà ní Asante nígbà tí wọ́n sin òkú yẹn. Inú bí ọ̀pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tún gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbínú yẹn yé mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé Seeman ní ẹ̀rí, mo sì gbà pé kò sí ohun tó sọnù. Ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí pósí ẹni tó fẹ́ràn, ní ìlú tí wọ́n ti ń tà wọ́n bí ẹran. Ìyẹn tó ìwúrí láìsí orúkọ Twi. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún méjì, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣọ̀fọ̀ ní New York wá àmì tí yóò gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, wọ́n mú Sankofa, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú òkú wọn. Bí adinkra ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn: òkú wà, ọlọ́fọ̀ wà, òwe wà, ọjọ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn 1991 jẹ́ òótọ́ ní ọdún tí wọ́n sọ ọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ní láti ti ọjọ́ orí rẹ̀ sẹ́yìn kó tó níyì?

Àwọn kan á ní kí ni ó kàn mí, ẹ jẹ́ kí oníkálukú gba ohun tó wù ú gbọ́. Ó kàn mí nítorí owó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Gánà ti 1985 dáàbò bo àṣà àbáláyé, ti 2005 sì fi í sí ìkáwọ́ Ààrẹ lórúkọ gbogbo ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ fi adinkra ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó sì sanwó. Ó dára lójú ìwé. Boatema Boateng tó ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn oníṣẹ́ adinkra àti kente, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2011, fi hàn pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń tẹ àwòkọ wọn jáde ní ìdì-ìdì. Àbí ta ni yóò dá wọn dúró, nígbà tí gbogbo ayé ti gbà pé ẹ̀mí ló ni àwọn àmì náà, pé kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n? Ohun tí kò ní oníǹkan, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Agbẹ́-òǹtẹ̀ tó gbẹ́ àmì tuntun lọ́dún tó kọjá wá há sáàárín: òfin ń wo ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ní ẹyọ kan, ó sì ń wo àṣà àbáláyé tí gbogbo ìlú ni. Òun ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá bi í, á ní iṣẹ́ òun ni. Bí ẹ bá bi oníwàásù ìtumọ̀ ẹ̀mí, á ní ti àwọn baba ńlá ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pamela Smith ní London ń ṣẹlẹ̀ sí i ní Ntonso, ó sì ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Kùmásí tó fẹ́ ra adinkra, kó má béèrè ìtumọ̀. Kó ní kí ẹni tó ń tà á pa òwe rẹ̀ fún òun ní Twi, kó béèrè irú òde tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ, kó sì béèrè ẹni tó gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá mọ ọ̀kankan, ẹ gba ọ̀nà Mampong lọ bá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Iye tí wọ́n máa pè á ju ti aṣọ ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn, kí ẹ sì sanwó.